Aago Méjì Nínú Ilé Kan: Ìtàn Gbohùngbohùn USB àti Ètò Ìgbohùnsílẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò jọ ohun tí a máa ń gbé wá síwájú àpérò yìí. Kì í ṣe oríkì, kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gírámà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé sínú àpò lọ sí oko ìwádìí: gbohùngbohùn tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní máíìkì. Ìdí tí a fi rò pé ó yẹ fún àpérò onímọ̀ ni pé, láti bí ọdún mélòó kan, òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi rọ́pò téèpù nínú iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́, a óò ní ohun tí a óò tẹ́tí sí, tí a óò sì dà kọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ohun tí a lọ wá ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tí ó sì sọ ọ́ lè má sí mọ́ nígbà tí a bá padà lọ.

Ẹ̀sùn tí a sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn kan ní ètò ìgbohùnsílẹ̀ àwọn kò rí i rárá, bẹ́ẹ̀ a ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná ara rẹ̀ sì ń tàn. Àwọn kan ní ohùn ń wọlé, ṣùgbọ́n ó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ nínú iná. Àwọn mìíràn ní ohùn àwọn fúnra àwọn ń pẹ́ kí ó tó padà dé etí àwọn. Ẹ̀sùn kẹrin ni pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ yí padà, tí ọmọdébìnrin ń dún bí ìyá àgbà. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé máíìkì náà kò dára, kí á lọ ra èyí tí owó rẹ̀ jù ú lọ. A kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn méjì ló pàdé nínú ẹ̀rọ yìí, ìtàn ilé ìgbohùnsílẹ̀ àti ìtàn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Àwọn tí wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ kò ro ti èkejì mọ́ ọn. Ibi tí ìtàn méjèèjì kò ti bá ara wọn mu ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀sùn wọ̀nyí ti ń jáde.

Ìwo, Iná Mànàmáná àti Téèpù

Nígbà tí Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1877, iná mànàmáná kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu ìwo ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń gbé ẹnu sí. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló ń mi abẹ́rẹ́ tí ń fín ojú ohun tí a fi gba ohùn náà. Emile Berliner ló mú àwo pẹlẹbẹ wá ní ọdún 1887, ṣùgbọ́n ìwo náà ni òun pẹ̀lú lò. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá tín-ín-rín ní láti sún mọ́ ìwo. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le ní láti fà sẹ́yìn. Onílù tí ìlù rẹ̀ bá ń bú jù, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi í sí.

Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀ bí ẹni mowó, kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Àwọn àwo náà wà lára àwọn àwo orin Yorùbá tí ó pẹ́ jù lọ tí a ní lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé bàbá náà lọ́wọ́: kí ó kọrin. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó yan nǹkan kan nínú ọ̀wọ́ orúkọ ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè iye ìgbà tí yóò fẹ́ kí á wọn ohùn òun láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí ó tó wọlé. Lónìí, ẹni tí ń kọrin ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Iná mànàmáná wọ inú iṣẹ́ yìí díẹ̀díẹ̀. E. C. Wente ṣe irú gbohùngbohùn tí a ń pè ní condenser ní ọdún 1916 fún Western Electric. Ní ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńláńlá ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀nà Western Electric gba orin sílẹ̀, láti ìgbà náà ni ìwo sì ti ń kógbá sílé. Ẹ̀rọ náà wá di ohun tí ènìyàn lè gbé lọ bá olóhùn níbi tí ó wà. Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil ní 1940 sí 1941, ó sì gba ohùn àwọn ènìyàn ilé Candomblé tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá, tí wọ́n sì ń kọ orin òrìṣà, sínú àwo. Ó tún wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1951, ó sì gba ohùn sílẹ̀ níbí pẹ̀lú. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń tẹ́tí sí àwọn ohùn Bahia wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ kí á ronú wò ná: bí ẹ̀rọ ọkùnrin yìí bá ti gbà nǹkan mìíràn sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí kò sì mọ̀, kí ni à bá máa sọ lónìí nípa Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Bahia ní 1940?

Téèpù ni ó tẹ̀ lé àwo. Ilé-iṣẹ́ AEG fi Magnetophon hàn ní Berlin ní ọdún 1935; Philips sì mú kásẹ́ẹ̀tì wá ní ọdún 1963. Kò sí ìdí tí a óò fi pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ wa mọ téèpù ju òǹkọ̀wé yìí lọ. Kókó kan ṣoṣo ni a fẹ́ mú nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí a ti dárúkọ yìí, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń yí àwo tàbí téèpù, mọ́tò náà sì ni aago. Gbohùngbohùn kò ní aago tirẹ̀. Bí ó ti gbọ́ ni ó ń rán an lọ, bí omi tí ń gba inú páìpù kọjá. Ohùn tí ó wọlé àti ohùn tí ó jáde, aago kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kódà bí aago ọ̀hún bá ń purọ́.

Ó sì máa ń purọ́ nígbà mìíràn. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa kan fẹ́ràn láti máa sọ pé téèpù kò tan àwọn jẹ rí. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ lójú oko, mọ́tò a máa lọ jẹ́jẹ́. Bí a bá wá fi bátìrì tuntun gbọ́ téèpù náà nílé, bàbá ọlọ́dẹ tí ó fi ara balẹ̀ sun ìjálá a wá máa sáré bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ ní alẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé etí tètè ń mọ irọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí Ohùn Ṣe Di Nọ́ḿbà

Ní ọdún 1937, Alec Reeves, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ronú kan ọ̀nà tí a lè gbà fi nọ́ḿbà rán ohùn lórí wáyà tẹlifóònù. Kí á máa wọn gíga ohùn náà ní ìgbà púpọ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí á kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní nọ́ḿbà, kí á sì fi nọ́ḿbà náà ránṣẹ́ dípò ohùn. Iye ìgbà tí a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ti wà nínú iṣẹ́ Harry Nyquist ní 1928, Claude Shannon sì là á yé ni ní 1949: ó gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìgbọ̀n tí ó yára jù lọ nínú ohùn náà. Etí ọ̀dọ́ lè gbọ́ ohun tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí 20,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ju 40,000 lọ.

Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ 44,100 ni a rí lára ètò ìgbohùnsílẹ̀? Ẹni tí ó bá rò pé ìṣirò orin ló bí i ti ṣì í. Téèpù fídíò ló bí i. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ tọ́jú nọ́ḿbà ohùn ní òpin àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ fídíò nìkan ló ní àyè tí ó tó o. Wọ́n wá tò ìwọ̀n mẹ́ta-mẹ́ta sí orí ìlà àwòrán kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àwòrán ti ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n lo ìlà 245. Níbi tí ó ti ń yí ní ìgbà 50, wọ́n lo ìlà 294. Ẹni tí ó bá ṣe ìsọdipúpọ̀ méjèèjì yóò rí i pé 44,100 ni méjèèjì ń jẹ́. Nígbà tí àwo CD jáde ní 1982, nọ́ḿbà yìí ni ó bá jáde, ó sì di ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ orin. Àwọn onífíìmù àti àwọn onítẹlifíṣọ̀n ní tiwọn fara mọ́ 48,000. Báyìí ni nọ́ḿbà méjì ṣe wọ inú ayé, tí kò sì sí èyí tí ó lè lé èkejì jáde.

Ohun tí ó ṣe ohùn ọmọdébìnrin tí ó di ìyá àgbà nìyí. Bí gbohùngbohùn bá ń wọn ohùn ní 48,000, tí ètò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé 44,100 ni, ọ̀rọ̀ wákàtí kan yóò gba ìṣẹ́jú 65 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18 láti gbọ́, ohùn yóò sì rẹlẹ̀ ní nǹkan bí bọ́tìnnì dùùrù kan àtààbọ̀, bí a bá ka funfun àti dúdú pọ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìbáṣepọ̀ láàrin ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa, kì í ṣe gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí gbogbo wọn bá jọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ́ kò ní di ọkọ̀. Ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ kọ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí láìfura rárá. Ẹni tí ń wọn ohùn fún iṣẹ́ fònẹ́tíìkì ni yóò kó èsì tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú tíísíìsì, kò sì sí olùyẹ̀wò tí yóò rí i lójú ìwé.

Ilé Ìgbohùnsílẹ̀ Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ètò orin ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí kọ̀ǹpútà tó lè gba ohùn sílẹ̀. Ìlànà MIDI, tí ó jáde ní 1983, kò gbé ohùn. Àṣẹ ni ó ń gbé, pé kí á tẹ bọ́tìnnì báyìí, kí á fi í sílẹ̀ nígbà báyìí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Cubase, tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ti Jámánì ṣe, ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà Atari ní 1989. Ní ọdún kan náà ni Digidesign mú Sound Tools jáde fún Macintosh, èyí tí ó gba ohùn gan-an. Pro Tools sì tẹ̀ lé e ní 1991. Ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n bá ìlànà ilé ìgbohùnsílẹ̀ àtijọ́ mu. Káàdì ohùn kan ni a ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Gbohùngbohùn ń bá ara káàdì náà wọlé, sípíkà ń bá ara rẹ̀ jáde, aago kan ṣoṣo sì wà lórí rẹ̀ tí ń pàṣẹ fún méjèèjì. Mọ́tò téèpù ló di òkúta kírísítálì kékeré tí ń gbọ̀n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò bìkítà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Windows gbà pé ètò púpọ̀ lè fẹ́ dún lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó máa ń da ohùn gbogbo wọn pọ̀ kí ó tó rán an sí sípíkà, ìdàpọ̀ yìí sì ń gba àkókò. Akọ̀wé tí ń gbọ́ agogo kékeré pé lẹ́tà dé kò lè mọ̀ pé ó pẹ́ díẹ̀. Olórin mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó mú kí Steinberg gbé ìlànà ASIO jáde ní 1997 nìyẹn: kí ètò orin lè fo Windows kọjá, kí ó sì bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ lójúkojú, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọlé tọ ọba lọ láìgba ọ̀dọ̀ ìjòyè kọjá. Ìlànà náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọba kan ṣoṣo ni ó mọ̀: dráífà kan, káàdì kan, aago kan. Ní 1997, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè rò pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kékeré mìíràn tún wà tí a ń jogún láti ìgbà náà. Ìdè irin ni wọ́n fi ń de káàdì ohùn mọ́ inú kọ̀ǹpútà. A kì í yọ ọ́ kí á tún fi í bọ̀ ọ́ láàrin iṣẹ́. Nítorí náà ètò ìgbohùnsílẹ̀ máa ń ka àwọn ẹ̀rọ ohùn tí ó wà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Audacity, tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní 1999, tí ó sì jáde ní 2000, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Òun náà ní ìwà yìí. Ẹni tí ó bá tan ètò kí ó tó so máíìkì yóò wá orúkọ máíìkì náà títí, kò ní rí i, àfi bí ó bá ní kí ètò náà tún àwọn ẹ̀rọ kà. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

USB

USB jáde ní oṣù kìíní ọdún 1996. Ilé-iṣẹ́ méje ló para pọ̀ bí i: Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel. Kò sí ilé-iṣẹ́ àwo orin kan láàrin wọn. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni pé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kún fún oríṣiríṣi ojú ihò, ọ̀kan fún àtẹ ìtẹ̀wé, ọ̀kan fún mọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí kò sì sí èyí tí ó bá èkejì mu. Wọ́n fẹ́ kí ojú ihò kan gba gbogbo wọn, kí á lè fà á yọ kí á sì tún fi í bọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá wù wá. Nígbà tí Apple fi USB nìkan rọ́pò àwọn ojú ihò àtijọ́ wọ̀nyí lára iMac ní 1998, ọ̀rọ̀ náà di òótọ́.

Síbẹ̀ wọn kò gbàgbé ohùn pátápátá. Wọ́n pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, wọ́n sì fi àyè kan pamọ́ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan fún ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ìlànà ẹrù bẹ́ẹ̀ le: ó gbọ́dọ̀ dé lásìkò, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ lọ́nà, kò sí ẹni tí yóò padà lọ gbé e. Ìwé tí à ń tẹ̀ kò lè pàdánù lẹ́tà kan lọ́nà yìí; ohùn lè pàdánù ìwọ̀n kan, tàbí ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wo nọ́ḿbà méjì tí a sọ ṣáájú. Ohùn tí ó jẹ́ 48,000 wọ inú ìpín 1,000 géérégé, ìwọ̀n 48 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó jẹ́ 44,100 kò pín dọ́gba: ìpín mẹ́sàn-án yóò gbé ìwọ̀n 44, ìkẹwàá yóò gbé 45, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí. Nọ́ḿbà tí àwọn onífídíò bí fún àwo orin wá di àlejò tí a kò pèsè àga fún ní ilé àwọn oníkọ̀ǹpútà.

Àwọn kan a máa sọ pé USB kò yára tó fún ohùn ni ìṣòro fi wà. Ìṣirò kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ohùn ẹnì kan, ní ìwọ̀n 44,100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16, kò ju bíìtì 705,600 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ USB àkọ́kọ́ gan-an lè gbé mílíọ̀nù 12. Àyè kò há rárá. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni.

Ní 1998 ni wọ́n kọ ìlànà ohùn fún USB, tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lè dá ẹ̀rọ ohùn mọ̀ láìjẹ́ pé olùṣe rẹ̀ kọ dráífà sí i. Ẹ̀dà kejì ìlànà náà jáde ní 2006, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni Windows tó gbà á sínú ara rẹ̀. Àwọn gbohùngbohùn USB tí ó gbajúmọ̀ dé ọjà ní 2005, lára wọn ni Snowball ti ilé-iṣẹ́ Blue àti C01U ti Samson. Gbohùngbohùn ilé ìgbohùnsílẹ̀ ń gba volt 48 láti ara ẹ̀rọ tí a so ó mọ́, gẹ́gẹ́ bí Neumann ti ṣe é fún ilé-iṣẹ́ rédíò Norway ní 1966. Volt 5 péré ni USB ń fún ni. Irú gbohùngbohùn electret, tí Gerhard Sessler àti James West ṣe ní Bell Labs ní 1962, kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè iná púpọ̀, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà rọrùn.

Ìpàdé Àwọn Méjèèjì

Gbohùngbohùn tí a so mọ́ USB kì í ṣe gbohùngbohùn lásán mọ́. Inú rẹ̀ ni ohun tí ń sọ ohùn di nọ́ḿbà wà. Inú rẹ̀ náà ni aago wà. Ìránṣẹ́ tí ó máa ń jíṣẹ́ fún káàdì ohùn ti di baálé ilé tirẹ̀. Ètò orin tí ó gba ìlànà ASIO bá wo ìta, ó rí ọba méjì: káàdì tí a ṣe mọ́ ara kọ̀ǹpútà, èyí tí sípíkà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti máíìkì tí ń dá dúró. Ọ̀kan péré ni ó lè yàn. Bí ó bá yan ti sípíkà, máíìkì di aláìsí, iná ìbáà máa tàn lára rẹ̀. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ nìyí. Ìdí nìyí tí Michael Tippach fi ṣe ASIO4ALL, tí ń bo àwọn ẹ̀rọ méjì mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, ìdí náà sì nìyí tí Apple fi fi àyè sílẹ̀ lórí Mac láti so ẹ̀rọ ohùn méjì pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan.

Ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Kò sí òkúta kírísítálì méjì tí ń gbọ̀n dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù yára ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ wọn láàrin wákàtí kan kò ju nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ní 44,100, ìwọ̀n méjì ó lé díẹ̀ ni ó ń ṣẹ́kù, tàbí tí ń dín, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ibi ìdúródè tí nọ́ḿbà ti ń dúró de ara wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní báfà, yóò kún tàbí kí ó gbẹ, nígbà náà ni a óò gbọ́ tí nǹkan ta pàrà. Apple fi àmì kan síbẹ̀ tí a lè tẹ̀ kí Mac máa tún ìyàtọ̀ náà ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í tẹ̀ ẹ́.

Báfà yìí náà ló ń mú kí ohùn pẹ́. Bí ó bá gba ìwọ̀n 512, ohùn yóò dúró nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdá 11.6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó ti ń wọlé dúró, bí ó ti ń jáde dúró, ó di 23. Láàrin àsìkò yẹn, ohùn inú afẹ́fẹ́ ti rìn tó mítà 8. Kí onílù dùndún gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, kí ó sì máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ó wà ní mítà 8 sí i: ta ni yóò lè fi irú rẹ̀ sọ̀rọ̀? Bí a bá dín báfà kù, ìpẹ́ náà dín kù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yóò bẹ̀rẹ̀ sí já ohùn sílẹ̀. Fún iṣẹ́ tiwa, níbi tí à ń gba ohùn àgbà sílẹ̀ tí kò sì sí ẹni tí ń kọrin tẹ̀ lé orin mìíràn, kí báfà tóbi ni ó dára jù.

Ní èrò tiwa, bí a óò bá náwó rárá, orí máíìkì tí ó ní ihò tí a lè ki ẹ̀rọ àfikọ́tí bọ̀ lára rẹ̀ ni kí á ná an sí. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ gbọ́ ohùn dáadáa ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ohùn bá ń wọlé tí ó sì ń jáde lára ẹ̀rọ kan náà, aago di ẹyọ kan padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìgbà àwo àti téèpù. A óò yan máíìkì náà fún ìwọlé àti fún ìjáde. A óò fi nọ́ḿbà kan náà, ìbáà ṣe 44,100 tàbí 48,000, sí ojú-ìwé ìṣètò kọ̀ǹpútà àti sí inú ètò. A óò so okùn mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe mọ́ àfikún tí nǹkan mẹ́rin mìíràn ń bá a du iná. Láti 2018 ni Mac ti ń bèèrè bóyá a gbà kí ètò kan gbọ́ gbohùngbohùn. Ẹni tí ó bá kánjú tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rí orúkọ máíìkì, yóò rí i tí ètò ń sáré lọ, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò sì gbà sílẹ̀. Windows 10 náà ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ìṣètò rẹ̀. Nípa ti gíga ohùn, kí á rántí pé nọ́ḿbà ní òpin. Téèpù a máa fara da igbe díẹ̀. Nọ́ḿbà tí ó bá ti dé òkè kò ní ibi tí yóò tún lọ, yóò kàn gé orí ohùn náà ni. Kí àmì máa dúró ní nǹkan bí dB 12 sí ìsàlẹ̀ òdo tó.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kí á fi èékánná họ orí máíìkì díẹ̀, kí á máa wo àmì ojú ètò. Bí àmì bá fò sókè, òun ni ètò ń gbọ́. Kí á wá họ ara kọ̀ǹpútà. Bí èyí bá fò jù ti àkọ́kọ́ lọ, kọ̀ǹpútà ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òǹkọ̀wé yìí lọ sí ìletò kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ láti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí olóhùn iyọ̀. Kọ̀ǹpútà ti wà ní títàn, ètò ti wà ní ṣíṣí, nítorí pé a ti ń fi nǹkan han àwọn ọmọ ilé. A wá so máíìkì mọ́ ọn, a gbé e kalẹ̀ síwájú ìyá, iná rẹ̀ sì tàn.

“Ṣé nǹkan dúdú yìí ni yóò gbé ohùn mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá yín?”

“Òun ni, Ìyá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì sun ún fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú láìsinmi. Nílé ni a tó mọ̀ pé ètò kò ka máíìkì náà rárá. Gbohùngbohùn kékeré tí ó wà lára kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀gbẹ́ fáànù rẹ̀, lórí ẹní, ní ìkángun kejì yàrá, ni ó gba gbogbo rẹ̀. Àkùkọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà dún ketekete. Ìyá ń dún bí ẹni tí ó wà nínú ilé kejì. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àwọn ọmọ wọn mú wa lọ wo ojú oórì.

A ti da ohun tí a lè gbọ́ kọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yè kooro, níbi tí wọ́n ti ń dágbére fún bàbá. Láti ibi tí wọ́n ti kọjú sí ìyá tí ó bí wọn, tí ohùn wọn rẹlẹ̀, fáànù kọ̀ǹpútà ni ó gbilẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin àgbà jókòó tì wá ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi etí mọ́ sípíkà, wọ́n sì fún wa ní ọ̀rọ̀ mọ́kànlá tí ó dá wọn lójú. Ìlà òfìfo ni a fà sí àyè ìyókù nínú ẹ̀dà tí ó wà ní ẹ̀ka wa.